Ọ̀dà tó ki nínú garawa, tó rọ̀ lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì

Ẹ fi ṣíbí rọra ro oyin nínú abọ́, kẹ́ ẹ tún wá rò ó kíákíá. Bẹ́ ẹ bá ṣe yára tó ni agbára tẹ́ ẹ máa lò ṣe máa pọ̀ tó, ṣùgbọ́n bí oyin náà ṣe ki kò yí padà. Isaac Newton kọ èrò yìí sínú ìwé rẹ̀, Principia, lọ́dún 1687. Omi ń tẹ̀ lé e, òróró náà ń tẹ̀ lé e.

Ọ̀dà ara ògiri, èyí tí wọ́n ń pè ní emulsion, kì í tẹ̀ lé e rárá. Nínú garawa, ó ki débi pé igi tẹ́ ẹ fi kan ojú rẹ̀ á fi àpá sílẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fà á lára ògiri, ó rọ̀ wẹ́rẹ́. Gbé búrọ́ọ̀ṣì kúrò, ó tún ki padà!

Pólímà ló wà nídìí ẹ̀, ìyẹn mólékù tó gùn gbọọrọ bí òwú. Nínú ọ̀dà, cellulose tí wọ́n rí lára ewéko, tí wọ́n sì tún ṣe, ni wọ́n sábà máa ń lò. Tí ọ̀dà bá wà jẹ́ẹ́, àwọn òwú yìí á lọ́ mọ́ra bí irun tí òòyà kò kàn. Ọ̀kan fẹ́ kọjá, èkejì dí i lọ́nà. Búrọ́ọ̀ṣì ló máa fà wọ́n kọjú síbì kan náà, wọ́n á wá máa yọ̀ kọjá lára ara wọn. Tí fífà bá dáwọ́ dúró, ooru inú ọ̀dà á máa mì wọ́n títí wọ́n á fi tún lọ́ pọ̀. Ọgbọ́n àwọn tó ń ṣe ọ̀dà wà níbẹ̀: tó bá tètè ki jù, ojú ìlà búrọ́ọ̀ṣì á hàn lára ògiri, tó bá pẹ́ jù, á ṣàn wálẹ̀.

Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn tí péńtà bá kàn ṣí garawa, tó ní “ó ti ki jù,” tó bu omi sí i gbuurugbu. Kíki ìgbà tó jókòó ló rí yẹn o, kì í ṣe tẹnu búrọ́ọ̀ṣì. Omi ti tú àwọn òwú yẹn ká, wọn ò lè dì mọ́ra bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ọ̀dà á máa kán sílẹ̀, á sì fẹ́lẹ́ débi pé ẹ máa kùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i. Owó onílé ló ń kán yẹn. Ẹ kọ́kọ́ rò ó dáadáa, ẹ dán an wò lára ògiri, kẹ́ ẹ tó bu ìwọ̀n omi tí wọ́n kọ sára garawa.

Pólímà náà ló ń mú kí ilá fà, àmọ́ ilá tún ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ gbé ṣíbí sókè, ẹ máa rí i tó fà bí okùn, tó bá sì já, á sún kì padà sókè. Àwọn mólékù tí wọ́n nà tantan ló ń ká padà. Oyin ò lè ṣèyẹn.