Èèpo Igi Pẹ̀lú Ń Se Oúnjẹ

Gbólóhùn kan wà tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń kọ́kọ́ kọ sí ojú pátákó bí ẹ̀kọ́ bá kan igi àti koríko: pé ewé ni ilé ìdáná igi. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Ọmọ tí ó bá gbà á bẹ́ẹ̀ yóò ka èèpo igi sí aṣọ lásán, kò sì ní rí ohun tí ó burú nínú bíbó o. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, láti orílẹ̀-èdè yòówù tí ẹ ti wá, yẹ èèpo igi wò pẹ̀lú mi.

Ní PK12 tí mo ń gbé, lójú ọ̀nà tí ó ti Libreville lọ sí Ntoum ní ilẹ̀ Gàbọ̀n (kìlómítà ni a fi ń pe àwọn àdúgbò ọ̀nà náà), máńgòrò àti ẹ̀gẹ́ kò wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé. Mo mú ẹ̀ka máńgòrò tí kò nípọn ju ìka ọwọ́ lọ, mo sì fi èékánná ha ojú rẹ̀ díẹ̀. Lábẹ́ awọ tí ó dà bí eérú ni mo ti rí àwọ̀ ewé tútù. Bákan náà ni igi ẹ̀gẹ́ rí. Ṣùgbọ́n ní ìdí máńgòrò àgbà, èèpo gbígbẹ ti nípọn jù. Ìmọ́lẹ̀ kò lè là á kọjá.

Àwọ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní chlorophyll, òun kan náà tí ó wà nínú ewé. Láti ọdún 1779 ni Jan Ingenhousz, dókítà ará Netherlands, ti sọ pé ewé àti ọ̀pá tútù aláwọ̀ ewé ni ń tú afẹ́fẹ́ rere jáde nínú oòrùn. Ìdajì àkọ́kọ́ nìkan ni a rántí!

Báwo wá ni èèpo ṣe ń ṣiṣẹ́? Igi ń mí. Carbon dioxide tí ó ń mí sínú ara kì í tètè rí ọ̀nà jáde, nítorí èèpo dí. Nínú afẹ́fẹ́ òde, bí 4 péré ni nínú ìpín 10,000. Nínú igi, ó lè tó ìlọ́po 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí aṣeọṣẹ ti ń sọ eérú ààrò di ọṣẹ dúdú, bẹ́ẹ̀ ni èèpo tútù ń fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tí ó wọlé sọ èémí náà di oúnjẹ padà. Nínú ẹ̀ka kékeré, ó lè gba ju ìdajì rẹ̀ padà. Kò tó iṣẹ́ ewé, èmi kò sì sọ pé ó tó o. Ṣùgbọ́n ewé ní láti ya ẹnu kí afẹ́fẹ́ tó wọlé, omi a sì gba ibẹ̀ sá lọ. Èèpo kò nílò èyí. Ẹ wo igi oṣè ilẹ̀ ọ̀dàn, tí ń wà láìléwé fún oṣù púpọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: àwọ̀ ewé wà lábẹ́ èèpo rẹ̀.

Ní ti ìdánwò ní kíláàsì, áyódìn yóò sọ ẹ̀ka di dúdú, ṣùgbọ́n kò fi hàn bóyá èèpo ni ó se oúnjẹ náà tàbí ewé ni ó fi ránṣẹ́. Bíbo ẹ̀ka dára jù. Àwọn onímọ̀ kan bo ara igi kéékèèké kí ìmọ́lẹ̀ má bàa kàn án, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2010: igi náà kò sanra tó àwọn tí a kò bò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò fọwọ́ kan ewé wọn. Ẹ wá ẹ̀ka méjì tí ó dọ́gba lórí igi kan, ní ìhà oòrùn kan náà. Ẹ fi aṣọ dúdú wé ọ̀kan, ẹ fi èkejì sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ ha méjèèjì kí ẹ sì fi àwọ̀ wọn wéra. Ìwọ̀nba ojú ibi kékeré ni kí ẹ ha o. Bí ẹ bá ha á yí ẹ̀ka ká, bí àwọn tí ń bó èèpo fún àgbo ti ń ṣe mìíràn, ẹ ti gé ọ̀nà tí oúnjẹ ewé ń gbà sọ̀kalẹ̀ lọ sí gbòǹgbò.