Kà Á, Mo Ti Kà Á: Bí A Ṣe Ń Dámọ̀ràn Àyọkà Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Fún Ara Wa

 

Nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì, fóònù kò sí lọ́wọ́ wa. Àkókò tí à ń lò ní yàrá kọ̀ǹpútà kò tó nǹkan, àwa náà sì pọ̀. Ẹni tó bá ń wá ohun tó máa kà kiri, kó tó rí i, agogo ti lù. Ìdí nìyẹn tó fi dára ká máa sọ fún ara wa pé, "Ka eléyìí, ó dùn, ó sì wúlò." Ṣùgbọ́n ẹ rántí o: ẹni tó bá ní kí ọ̀rẹ́ òun ka nǹkan ti fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún un. Tí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, a ti bá wọn tan irọ́ náà kálẹ̀ nìyẹn.

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a máa wo ibi tí a ti lè rí àyọkà Yorùbá nípa ìrìnàjò, eré inú ilé àti ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. A ó sì wo bí a ṣe ń yẹ àyọkà wò ká tó dámọ̀ràn rẹ̀.

1. Àyọkà ìrìnàjò

Àkọsílẹ̀ ìrìnàjò kì í ṣe nǹkan tuntun ní èdè Yorùbá. Ní 1949 ni ìwé D.O. Fágúnwà tó ń jẹ́ Ìrìnàjò, Apá Kìíní, jáde, níbi tó ti sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí nígbà tó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lónìí, Wikipẹ́díà Yorùbá ni ibi tó rọrùn láti bẹ̀rẹ̀. Àyọkà ibẹ̀ ju 30,000 lọ. Òmíràn kún dáadáa, òmíràn kò sì ju ìlà mẹ́ta lọ, nítorí náà ẹ kà á tán kí ẹ tó pe ẹlòmíràn wá.

Àyọkà ìrìnàjò tó dára máa ń dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: Báwo la ṣe ń débẹ̀? Kí la máa rí? Kí ló yẹ ká mọ̀ ká tó kúrò nílé? Ẹ jẹ́ ká fi Òkè Ìdànrè ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó bá ń lọ láti Benin níhìn-ín lè gba Ìfọ́n àti Ọ̀wọ̀ lọ sí Àkúrẹ́, kó tó wọ ọkọ̀ Ìdànrè. Àtẹ̀gùn tó máa gùn lọ sókè lé ní 600. Àyọkà tó kàn sọ pé "ibẹ̀ rẹwà gan-an", tí kò dárúkọ àtẹ̀gùn rárá, kò ran ẹni tó fẹ́ mú ìyá àgbà dání lọ́wọ́.

2. Eré inú ilé àti ẹbí

Àyọkà nípa eré rọrùn láti yẹ̀ wò: ẹ ṣe eré náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ẹ wo ayò ọlọ́pọ́n. Ihò 12 ló wà lójú ọpọ́n, mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò mẹ́rin ló ń wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Tí àyọkà kan bá sọ gbogbo èyí, tí kò wá sọ bí a ṣe ń jẹ, ẹ̀yin méjèèjì máa jà kí eré tó gbóná.

Ibòmíràn tó dára fún ẹbí ni YorubaName.com, ìwé atúmọ̀ orúkọ tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀. Tí ẹ bá lọ họ́lídé, ẹ kọ orúkọ gbogbo ará ilé sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn àgbà ní ìtumọ̀ rẹ̀, kí ẹ tó wò ó níbẹ̀. Tí èsì bá yàtọ̀, ẹ kọ méjèèjì. Ìwé lè mọ ìtumọ̀ orúkọ, ṣùgbọ́n ìyá àgbà ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ bi àwọn ọ̀rẹ́ yín tó jẹ́ Ẹdó náà. Itohan tí à ń pè lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ àánú ló wà nínú rẹ̀.

3. Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́

Tó bá jẹ́ oúnjẹ, bọ́ọ̀lù, ìlera tàbí ohun tó ń lọ nílùú, BBC News Yorùbá, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, wà ńbẹ̀. Ìwé ìròyìn Aláròyé náà wà. Nǹkan méjì ni kí ẹ ṣọ́ nínú irú àyọkà báyìí.

Àkọ́kọ́ ni ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Owó ọkọ̀ àti owó ọjà ọdún mẹ́ta sẹ́yìn kò wúlò fún ẹni tó fẹ́ rìn lọ́la.

Èkejì ni àmì ohùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kọ Yorùbá sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìfi àmì sí i. Ẹnì kan kọ ọ́ pé, "Oko mi baje lona Ore." Ṣé ọkọ̀ ló bàjẹ́ ni, àbí ọkọ? Tí ẹ bá rí àyọkà tó dùn tí kò ní àmì, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ dà á kọ sínú ìwé yín, kí ẹ fi àmì sí i, kí olùkọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ gidi nìyẹn.

4. Tó bá kan ìlú tí à ń gbé

Ibí yìí ló gba sùúrù jù. Tí ẹ bá tẹ "Benin", orílẹ̀-èdè Benin lè jáde. Dahomey ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, 1975 ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. Kì í ṣe ìlú wa yìí o.

Tí ẹ bá wá rí ìlú wa, ẹ máa bá ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ àti Benin pàdé. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé àwọn àgbà Benin ló ní kí Odùduwà fún àwọn ní olórí, tó fi rán Ọ̀rànmíyàn sí wọn. Ìtàn ààfin Benin sọ pé Ekaladerhan, ọmọ Ogiso tó kúrò nílùú, ni ẹni tí àwọn ará Ifẹ̀ ń pè ní Odùduwà. Ọba Erediauwa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ìrántí ayé rẹ̀ tó jáde ní 2004. Ìtàn méjèèjì gbà pé Ọ̀rànmíyàn wá síbí, pé ó bí Eweka, àti pé láti ọ̀dọ̀ Eweka ni ìdílé ọba tó wà lórí oyè dòní ti ṣẹ̀.

Àyọkà tó bá sọ apá kan, tó sì bú apá kejì, ẹ má dámọ̀ràn òun nìkan. Ẹ wá èkejì mọ́ ọn. Àwọn tí à ń bá jẹun lórí tábìlì kan náà, tí ibùsùn wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, ọmọ Ẹdó ni púpọ̀ nínú wọn. Yorùbá náà ló sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Àyọkà nípa iṣẹ́ idẹ Benin náà ní ìdánwò tirẹ̀. Ṣé ó sọ pé ní 1897 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ ọnà lọ? Ṣé ó sọ pé àwọn tó ń rọ idẹ ṣì wà ní Igun títí dòní? Tó bá sọ méjèèjì, ẹ kà á kí a tó lọ sí mùsíọ́ọ̀mù tó wà ní Ring Road. Ohun tí ẹ bá fi ojú rí ló máa sọ bóyá àyọkà náà péye.

5. Bí a ṣe ń kọ ìdámọ̀ràn

Ìlà mẹ́rin péré ti tó: orúkọ àyọkà àti ibi tó wà, ẹni tó máa wúlò fún, ohun tó dára níbẹ̀, ohun tí kò sí níbẹ̀. Àpẹẹrẹ rèé:

"Ojú-ewé Abẹ́òkúta, Wikipẹ́díà Yorùbá. Fún ẹni tó fẹ́ mọ ìlú náà kó tó gun Òkè Olúmọ. Ó jẹ́ ká mọ irú ìlú tó jẹ́. Kò ní sọ ibi tí wàá ti wọ ọkọ̀ fún ọ, béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti débẹ̀."

Ìlà kẹrin yẹn ni àwọn èèyàn máa ń fò. Ẹ má fò ó. Òun ló máa jẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín tún gbà yín gbọ́ nígbà mìíràn.

Ìdánrawò

1. Fi àmì sí "igba" lọ́nà mẹ́rin, kí o sì lo ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú gbólóhùn.
2. Ka àyọkà Yorùbá kan nípa ìlú rẹ. Kí ló tọ̀nà níbẹ̀? Kí ni wọ́n gbàgbé?
3. Kọ ìdámọ̀ràn onílà mẹ́rin kan, kí o mú un wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ tó ń bọ̀. A máa lẹ èyí tó bá péye mọ́ ara ògiri yàrá kọ̀ǹpútà, kí ẹni tó bá wọlé má bàa fi àkókò rẹ̀ wá nǹkan kiri mọ́.