Ẹ̀KỌ́ IṢẸ́ ỌWỌ́: ÒDÒDÓ GÍGA FÚN TÁBÌLÌ ÌGBÉYÀWÓ

Bíbélì kíkà: 1 Àwọn Ọba 7:13-22, Jòhánù 2:1-11

Àwọn kan nínú yín ti bi mí léèrè bí a ṣe ń ṣe òdòdó gíga tí wọ́n máa ń gbé sí àárín tábìlì níbi àpèjẹ ìgbéyàwó. Mo ṣèlérí pé n óo kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ìwé àti bírò.

Kí ló mú kí ẹ̀kọ́ yìí ṣe pàtàkì? Ọ̀kan nínú wa, tí ọkọ rẹ̀ ti sùn nínú Olúwa, ń múra ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ obìnrin. Nígbà tí ó gbọ́ iye tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi òdòdó sí ogún tábìlì, ó múra láti lọ yá owó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Gbèsè nítorí ohun tí yóò rọ kí ọ̀sẹ̀ tó yípo! A sọ fún un pé kí ó jókòó, a ó ṣe é fún un. Ọ̀pọ̀ ìyá ni kò rí ẹni dá wọn dúró bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ wa mọ iṣẹ́ náà.

ÀṢÌṢE TÍ ÈMI FÚNRA MI ṢE

Kí n tó kọ́ yín, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dán iṣẹ́ yìí wò ni ìgbéyàwó ọmọ àbúrò mi. Mo ra ìgò òdòdó tó ga, tó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Mo bu omi díẹ̀ sí i, mo sì di òdòdó rẹpẹtẹ sí ẹnu rẹ̀. Ó rẹwà lójú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ àti ìyàwó ń jó wọlé, tí gbogbo ènìyàn dìde, ọmọdé kan fa aṣọ tábìlì. Ìgò náà ṣubú, ó fọ́, omi sì dà sórí aṣọ òkè ìyá ọkọ. Ọlọ́run ṣe é, kò sí ẹni tó fara pa. Mo kúnlẹ̀ bẹ ìyá náà, ó sì dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé òkè nìkan ni mo ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, n kò ro ti ìsàlẹ̀.

OHUN TÍ ÌWÉ MÍMỌ́ FI HÀN WÁ

Nínú kíkà wa àkọ́kọ́, ọmọ opó kan ni Hírámù tó ṣe iṣẹ́ idẹ tẹ́ńpìlì Sólómọ́nì. Ó ṣe òpó méjì, Jákínì àti Bóásì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní ìgbọ̀nwọ́ méjìdínlógún. Iṣẹ́ ìtànná lílì ni ó fi sí orí wọn. Ẹ wò ó dáadáa: òdòdó wà lókè, ṣùgbọ́n òpó idẹ ló gbé e dúró. Ẹwà tí kò ní ìpìlẹ̀, ewu ni. Bí ó ti rí lórí tábìlì, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú ilé tí àwọn ọmọ wa ń lọ kọ́.

ÒFIN MẸ́TA

1. Ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ wúwo ju òkè lọ. Bíríkì fóòmù kan tí a fi ń gún òdòdó máa ń wúwo tó kílò 2 bí ó bá mu omi yó. Nítorí náà, ìdajì rẹ̀ ni kí a lò fún tábìlì kan, kí ìsàlẹ̀ sì tó kílò 5.

2. Òdòdó kò gbọdọ̀ bo ojú ènìyàn. Bí ènìyàn bá jókòó, ojú rẹ̀ máa ń wà ní nǹkan bí ìnṣì 16 sí 18 lókè tábìlì. Òdòdó kúkúrú kò gbọdọ̀ ga ju ìnṣì 12 lọ. Òdòdó gíga kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ìnṣì 20. Àárín méjèèjì yìí, ti ojú àti ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Àlejò kò wá láti máa yọjú láti ẹ̀yìn ewé kí ó tó kí ẹnìkejì rẹ̀.

3. Kò gbọdọ̀ fẹ̀ jù. Tábìlì roboto tó gba ènìyàn mẹ́wàá sábà máa ń fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 5. Bí òdòdó bá fẹ̀ ju ìnṣì 20 lọ, yóò máa kọ́ gèlè àwọn ìyá, kò sì ní sí àyè fún oúnjẹ àti ohun mímu.

BÍ A ṢE Ń ṢE ÌDÚRÓ RẸ̀

Ẹ wá páìpù oníke tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní ìnṣì 2, kí ẹ gé e sí ìnṣì 24. Fún ogún tábìlì, ẹsẹ̀ bàtà 40 ni gbogbo rẹ̀. Ẹ wá abọ́ oníke tó fẹ̀ ní ìnṣì 8, kí ẹ fi òróró pa inú rẹ̀. Ẹ po sìmẹ́ǹtì ìwọ̀n kan, iyanrìn ìwọ̀n méjì àti òkúta wẹ́wẹ́ ìwọ̀n mẹ́ta pọ̀ mọ́ omi díẹ̀. Ẹ dúró páìpù náà sí àárín abọ́, kí ẹ da àpòpọ̀ yìí yí i ká títí yóò fi ga tó ìnṣì 3. Ẹ fi okùn dè é kí ó má bàa wọ́, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ó kéré tán. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ abọ́ kúrò. Ìdúró kan yóò wúwo díẹ̀ ju kílò 5 lọ. Ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì onílò 50 tó fún ogún, yóò sì ṣẹ́kù.

Ẹ sọ fún káfíńtà kí ó gé pákó roboto tó fẹ̀ ní ìnṣì 6, kí ó kan kùkùté kékeré mọ́ abẹ́ rẹ̀, èyí tí yóò wọ ẹnu páìpù ṣinṣin. Kí ó fi ìṣó dè é láti ẹ̀gbẹ́ páìpù. Orí pákó yìí ni abọ́ omi kékeré yóò jókòó sí. Ẹ fi gọ́ọ̀mù tó le lẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fi téèpù dè é ní àgbélébùú. Ẹ kun ìdúró ní ọ̀dà funfun tàbí aláwọ̀ wúrà, kí ẹ fi àjákù aṣọ òkè tàbí léèsì bo ìsàlẹ̀. Ẹ má ṣe sọ ọ́ nù lẹ́yìn àpèjẹ. Ohun ìní ẹgbẹ́ ni. Ìgbéyàwó mìíràn ń bọ̀.

ÒDÒDÓ ÀTI EWÉ

Òdòdó rose tí a ń rà lọ́jà, ọ̀nà jíjìn ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, ó sì wọ́n. Ẹ kọ́kọ́ wo àyíká yín. Heliconia, tí ó dà bí ẹnu ẹyẹ, àti òdòdó ginger pupa máa ń pẹ́ kí wọ́n tó rọ. Ewé croton, ewé igi masquerade, fern àti ọ̀mùnú imọ̀ ọ̀pẹ dára fún ewé. Ẹ má lo hibiscus, nítorí ọjọ́ kan péré ni òdòdó rẹ̀ máa ń là.

Bí ìgbéyàwó bá jẹ́ Sátidé, ẹ gé òdòdó ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tàbí ní kùtùkùtù Ẹtì, nígbà tí oòrùn kò mú. Ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀, kí ẹ yọ gbogbo ewé tí yóò wọ inú omi, nítorí wọn yóò jẹrà. Ẹ kó wọn sínú korobá omi tútù ní iyàrá tí oòrùn kò dé. Ẹ lè fi síbí tíì kan ṣúgà àti ẹ̀kán búlíìṣì díẹ̀ sí lítà omi kan: ṣúgà ń bọ́ òdòdó, búlíìṣì ń pa kòkòrò tí ń dí ẹsẹ̀ rẹ̀.

BÍ A ṢE Ń TÒ Ó

1. Ẹ gbé fóòmù lé orí omi, kí ẹ jẹ́ kí ó rì fúnra rẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ afẹ́fẹ́ yóò há sínú rẹ̀, òdòdó tó bá bọ́ síbẹ̀ yóò sì gbẹ. Ẹni tí kò bá rí fóòmù lè ká wáyà ilé adìyẹ róbótó sínú abọ́, kí ó sì bu omi sí i.
2. Ẹ kọ́kọ́ fi ewé márùn-ún ṣe ìpìlẹ̀: ọ̀kan ní àárín, mẹ́rin yí i ká. Ti àárín kò gbọdọ̀ ga ju ìnṣì 12 lọ.
3. Ẹ fi òdòdó ńlá márùn-ún sí i, kí ẹ máa yí ìdúró bí ẹ ti ń ṣe é, nítorí àlejò wà níhà gbogbo.
4. Ẹ fi òdòdó kékeré márùn-ún dí àlàfo. Ewé tó bá rọ̀ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìnṣì 4 lọ.

Ìṣirò wa nìyí: ẹ̀ka 15 fún tábìlì kan, 300 fún ogún tábìlì. Ẹ fi 30 kún un nítorí èyí tí yóò ṣẹ́. Ẹ tò ó ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, kí ẹ tún bu omi sí i ní àárọ̀ Sátidé. Kí ẹ tó kúrò ní gbọ̀ngàn, kí ẹnì kan jókòó sí tábìlì kọ̀ọ̀kan, kí ó wo iwájú, kí ó sì mi tábìlì náà díẹ̀. Bí ó bá mì jù, ẹ tún un ṣe.

ÌKÌLỌ̀

Olómi-òjò tí a ń gbìn yí ọgbà ká lẹ́wà, ṣùgbọ́n májèlé ni láti ewé dé èso. Kò gbọdọ̀ dé orí tábìlì oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni dieffenbachia, ewé ńlá alámì funfun nì. Bí ọmọdé bá jẹ ẹ́, ẹnu rẹ̀ yóò wú. Ẹ má fi àbẹ́là sí ìdí òdòdó, nítorí gèlè àti iná kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ẹni tó bá ń gé fóòmù gbígbẹ, kí ó fi nǹkan bo imú, kí ó má sì da àjákù rẹ̀ sínú gọ́tà tàbí oko, nítorí irú ike kan ni, kì í tètè jẹrà.

LẸ́YÌN ÀPÈJẸ

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, a tú àwọn òdòdó náà, a sì dì wọ́n ní ìdì kékeré. Ní Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, a gbé wọn lọ fún àwọn aláìsàn àti àwọn ìyá àgbà tí kò lè wá sí ilé Ọlọ́run mọ́. Ìyá àgbà kan di tirẹ̀ mú, ó ní ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fún òun ní òdòdó. Owó tí ìyá ìyàwó ìbá fi san èlé, ó fi kún owó ilé tí tọkọtaya náà gbà. Ní Kánà ti Gálílì, ìyá Jésù ló rí ohun tó kù díẹ̀ káàtó kí ojú tó ti onílé. Ẹ jẹ́ kí àwa náà máa rí i.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ló dé tí ìsàlẹ̀ fi gbọ́dọ̀ wúwo ju òkè lọ? Kí ni èyí kọ́ wa nípa ìgbéyàwó Kristẹni?
2. Ta ni nínú ẹgbẹ́ wa tó ń múra ìnáwó lọ́wọ́ tí ó nílò ìrànlọ́wọ́, tí kò lè sọ?
3. Ta ni a ó gbé òdòdó lọ fún lẹ́yìn ìkórè tó ń bọ̀?

ÀDÚRÀ: Olúwa, fi ìdí ilé àwọn ọmọ wa múlẹ̀ lórí Rẹ. Fún wa ní ọwọ́ tó mọ iṣẹ́, àti ojú tó ń rí àìní ẹnìkejì wa. Ní orúkọ Jésù. Àmín.