Ìwé Owó Kan, Èdè Méjì

Ìbéèrè: Mo ń ta aṣọ l'Ékòó, mo sì ní ìsọ̀ ní Kútọnu. Akọ̀wé Èkó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìṣirò sínú kọ̀ǹpútà, ti Kútọnu ń fi Faransé. Lópin oṣù, owó tí oníbàárà jẹ mí ló ń bọ́ sáàárín gbèsè tí mo jẹ. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Aláṣọ

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ọjà o. Kọ̀ǹpútà kì í wo orúkọ àkáǹtì. Irú tí akọ̀wé yàn nígbà tó ṣí i ló ń wò: dúkìá, gbèsè, owó ìdókòwò, owó tó wọlé, ìnáwó. Ó jọ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣì í yàn.

Kí orúkọ èdè méjì má baà dà yín rú, ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà ṣáájú orúkọ àkáǹtì. Òfin ìṣòwò OHADA, tó de Bẹ̀nẹ̀ tí Kútọnu wà, àti Tógò, ti yan nọ́ńbà sílẹ̀: 411 fún oníbàárà, 401 fún ẹni tó ń kó ọjà fún yín, 52 fún báǹkì, 57 fún owó inú àpótí. Nàìjíríà kò fi irú rẹ̀ de oníṣòwò, nítorí náà ẹ kúkú lo ti Kútọnu ní ìsọ̀ méjèèjì, kí akọ̀wé kọ̀ọ̀kan wá fi èdè tirẹ̀ kọ orúkọ tẹ̀lé e. Kí ẹnì kan ṣoṣo máa ṣí àkáǹtì tuntun, ẹ jọ̀wọ́.

Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ẹ̀dà ìwé owó náà. Lẹ́yìn náà, ẹ tọpa gbèsè oníbàárà kan láti orí rìsíìtì dé àbọ̀ òpin oṣù. Bó bá tún ṣìnà, irú àkáǹtì rẹ̀ ni kí ẹ yí padà.

Ní ti pípa náírà pọ̀ mọ́ sẹ́fà, àti owó orí Kútọnu, oníṣirò owó tó ní ìwé àṣẹ níbẹ̀ ni kí ẹ lọ bá.