Póun kan ni wọ́n ra iléeṣẹ́ tí Honda fi sílẹ̀, ló bá gba ife méjì

Àwọn àgbà ní bí èèyàn bá ń sunkún, ó yẹ kó máa ríran. Ọ̀rọ̀ yìí bá ti Honda mu nínú ìdíje ọkọ̀ Formula One.

Iṣẹ́ lórí ọkọ̀ ọdún tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ti tẹ́lẹ̀ ṣì ń sáré. Lọ́dún 2008, nítorí òfin tuntun tó ń bọ̀ ní 2009, Honda pa ọkọ̀ ọwọ́ rẹ̀ tì, ó náwó sórí èyí tó ń bọ̀. Ipò kẹsàn-án ló ṣe. Ṣùgbọ́n lóṣù Kejìlá, tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀, ó kúrò nínú ìdíje.

Ní Brackley, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ pàdánù iṣẹ́. Ọ̀gá wọn, Ross Brawn, ra iléeṣẹ́ náà ní póun kan péré, ó sọ ọ́ ní Brawn GP. Wọ́n tún ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣe kí ẹ́ńjìnnì Mercedes lè wọlé, wọ́n kùn ún ní funfun. Àwọn onígbọ̀wọ́ ò tó nǹkan.

Nínú ìdíje àkọ́kọ́ ní Australia, Jenson Button ṣe ipò kìíní, Rubens Barrichello ọmọ Brazil ṣe ìkejì. Nígbà tí ọdún 2009 fi máa parí, Button ti gba ife awakọ̀, Brawn GP gba ti iléeṣẹ́. Mercedes rà á lọ́dún yẹn kan náà, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ pè é.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé orúkọ àti ọ̀dà kì í sáré, iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ ló ń sáré. Kí oníṣòwò tó pa oko tì, kó kọ́kọ́ wò ó bóyá ohun tó gbìn ti fẹ́ẹ́ so.