Bàbá fẹ́ rí gbogbo Washington lọ́jọ́ kan, orúnkún Ìyá kò gbà

ÌBÉÈRÈ

Ìbàdàn ni èmi àti ọkọ mi ti wá sí Maryland, a wá bá ọmọ wa obìnrin tọ́jú ọmọ tuntun tó bí. Ibí la máa ti ṣe Kérésì àti Ọdún Tuntun. Àwọn ọmọ ní kí àwa méjèèjì fi ìkókó sílẹ̀ díẹ̀, ká lọ fún ojú wa lóúnjẹ ní Washington tó jẹ́ olú-ìlú wọn, torí kò jìnnà sí wa. Tíṣà ìtàn ni ọkọ mi kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ti kọ orúkọ ibi bí ogún sínú ìwé: White House, Ilé Aṣòfin, ọwọ̀n George Washington, ère Lincoln, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní ọjọ́ kan ti tó, ẹsẹ̀ la sì máa fi rìn ín, torí ojú kan náà ni gbogbo wọn wà nínú àwòrán ilẹ̀. Orúnkún mi kò gba ìrìn gígùn mọ́, òtútù yìí sì ń wọ̀ mí léegun, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ba ìdùnnú rẹ̀ jẹ́. Láti ìgbà tá a ti ń bímọ, àwa méjì ò tíì jọ jáde ṣe fàájì láìkó ọmọ dání. Báwo ni ká ṣe ṣe é? Ṣé owó ńlá ni wọ́n ń gbà? Ọjọ́ Kérésì gan-an ńkọ́, ṣé wọ́n ń ṣílẹ̀kùn?

Ìyàwó Tíṣà, Maryland

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ewu ọmọ o, mà. Ẹ kú òtútù náà. Olúwa á wo ìkókó àti ìyá rẹ̀.

Ẹ bá mi sọ fún Bàbá pé àwòrán ilẹ̀ yẹn ló tàn wọ́n. Gbalasa tí wọ́n ń pè ní National Mall, láti Ilé Aṣòfin dé ọ̀dọ̀ Lincoln, tó máìlì méjì, àlọ nìkan. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1910 kò jẹ́ kí wọ́n kọ́ ilé gogoro sí ìlú náà. Ìdí nìyẹn tí ọwọ̀n Washington, tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 555, fi máa ń hàn ketekete bí ẹni pé téèyàn bá nawọ́, á kàn án. Ẹ ó rìn, ẹ ó rìn, kò ní sún mọ́ yín.

Ẹ pín in sí ọjọ́ mẹ́ta. Kí ibi tí ẹ máa lọ lóòjọ́ má ju méjì lọ, ọ̀kan nínú ilé tó móoru lọ́sàn-án, ọ̀kan níta nígbà tí iná bá ti tàn. Lóṣù Dìsẹ́ḿbà, oòrùn máa ń wọ̀ níbẹ̀ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù, nítorí náà ẹ ó ti rí iná Kérésì wò tán, ẹ ó sì ti délé kí wọ́n tó wẹ ọmọ.

Ní ti owó, ẹ fọkàn balẹ̀. Àwọn mùsíọ́mù Smithsonian kì í gba kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá á fẹ́ràn ìtàn yìí: ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, James Smithson, tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ Amẹ́ríkà rí títí ó fi kú ní 1829, ló fi ogún rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n fi dá ilé ìmọ̀ sílẹ̀ ní Washington. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1846. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n tó kó egungun rẹ̀ wá síbẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ibì kan péré lẹ máa lè lọ, mùsíọ́mù ìtàn àti àṣà àwọn ọmọ Áfíríkà tó di ọmọ Amẹ́ríkà ni kó jẹ́, èyí tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Ibẹ̀ ni kí ẹ lò fún ọjọ́ kìíní. Kí ẹ tó wọlé, ẹ dúró níta, kí ẹ gbójú sókè. Ilé náà ní ìpele mẹ́ta, ìpele kọ̀ọ̀kan ń fẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bíi ti idẹ. Adé ni, adé tiwa. David Adjaye, ayàwòrán ilé tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Gánà, wo òpó ààfin ilẹ̀ Yorùbá, irú èyí tí Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀-Èkìtì gbẹ́, tó ní ère tó dé adé lórí, ibẹ̀ ló sì ti mú ìrísí ilé yìí. Ọnà tó kún ara adé náà, iṣẹ́ irin tí àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú rọ ní New Orleans àti Charleston ni wọ́n fi ṣe àwòṣe rẹ̀. Mo ti bá ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá sọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ya fọ́tò níwájú ilé yẹn láìmọ̀ pé Èkìtì làwọn kọ ẹ̀yìn sí.

Tí ẹ bá wọlé, ẹ̀rọ ni yóò gbé yín lọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀, níbi tí ìtàn òwò ẹrú ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì máa fẹsẹ̀ gòkè díẹ̀díẹ̀ bọ̀ wá sí ayé òde òní. Kò sí àtẹ̀gùn lọ́nà náà, ṣùgbọ́n ó gùn. Gbogbo mùsíọ́mù Smithsonian ló ní àga oníkẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń yáni lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá tètè dé ló ń rí i gbà. Ẹ gbà á, ẹ má tijú. Bàbá ni kó máa tì yín, ìyẹn náà á dín eré ẹsẹ̀ wọn kù. Ohun tó wà nísàlẹ̀ yẹn wúwo lọ́kàn. Ìborùn Harriet Tubman, obìnrin tó sá kúrò lóko ẹrú tó sì padà lọ kó àwọn míì yọ, wà níbẹ̀, pósí tí wọ́n kọ́kọ́ fi sin Emmett Till náà wà níbẹ̀, ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìnlá tí wọ́n pa ní Mississippi ní 1955. Yàrá kan wà tí omi ti ń dà láti òkè, tí wọ́n to ìjókòó yí ká. Ẹ sinmi níbẹ̀.

Tíṣà ìtàn kì í fojú fo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kọ sára ògiri. Tí ẹ bá rí i pé Bàbá ti ń kà á wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ gba àjà kẹrin lọ níbi tí orin wà. Mọ́tò pupa olórin Chuck Berry ń bẹ níbẹ̀. Kí ẹ pàdé ní ilé oúnjẹ tó wà nínú ilé náà. Ọ̀fẹ́ ni tíkẹ́ẹ̀tì mùsíọ́mù náà, àmọ́ ó ní wákàtí tí wọ́n kọ sí i, wọ́n sì máa ń yára gbà á tán lásìkò ọdún. Kí ọmọ yín gbà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ìsinsìnyí. Bí ẹ bá jáde ní ìrọ̀lẹ́, igi Kérésì ìjọba kò jìnnà, ó wà ní ẹ̀yìn White House, pẹ̀lú igi kéékèèké fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan yí i ká. Ààrẹ Calvin Coolidge ló tan iná àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1923. Ẹ wá igi Maryland, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ fún ìkókó.

Ọjọ́ kejì, ọgbà ewéko ìjọba tó wà lẹ́sẹ̀ Ilé Aṣòfin ni mo yàn fún orúnkún yín. Ilé onígíláàsì ni, inú rẹ̀ móoru bí ọ̀sán Ìbàdàn, ẹ ó rí igi kòkó níbẹ̀. Lásìkò Kérésì, wọ́n máa ń fi èèpo igi, ẹ̀ka àti kóró èso kọ́ Ilé Aṣòfin, White House àti ère Lincoln ní kékeré. Mélòó nínú ìwé Bàbá nìyẹn, láìgbé ẹsẹ̀? Igi Kérésì ti Ilé Aṣòfin sì wà nítòsí.

Ọjọ́ kẹta lè jẹ́ ọjọ́ Kérésì gan-an. Lọ́jọ́ náà, Smithsonian máa ń tì. Àwọn ère ìrántí tó wà níta kì í tì ní tiwọn. Kí ẹnì kan nínú àwọn ọmọ fi mọ́tò gbé yín lọ sọ́dọ̀ ère Martin Luther King, ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Ilẹ̀ títẹ́jú ni, kò sí àtẹ̀gùn, ère náà sì ga ní ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà. Ti Lincoln ní àtẹ̀gùn púpọ̀, ẹ wò ó láti inú mọ́tò. White House kò ṣeé wọ̀ láìjẹ́ pé èèyàn ti bẹ̀bẹ̀ fún un ṣáájú, ẹ̀yìn irin ọgbà lẹ máa ti yà á.

Fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin Metro. Tí ilé yín bá sún mọ́ New Carrollton, ọ̀nà Orange máa gbé yín dé Smithsonian tààrà. Gbogbo ibùdókọ̀ ló ní ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè. Ẹ má jẹun nínú rẹ̀, òfin kò gbà á. Nítorí òtútù, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ìbọ̀wọ́ àti fìlà tó bo etí. Kí Bàbá fi abetí-ajá sí àpótí. Àti ọ̀bẹ kékeré tí wọ́n fi ń gé obì yẹn, kí wọ́n fi sílé, torí wọ́n máa ń yẹ báàgì wò lẹ́nu ọ̀nà mùsíọ́mù.