Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Níbo ni Ọlọ́run Ń Gbé?

Ẹ sún fìtílà mọ́ ìwé. Ọ̀rọ̀ tuntun kan ṣoṣo ni ó wà nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ọ̀rọ̀ náà ni Ṣekína. Ẹ kà á díẹ̀díẹ̀: Ṣe-kí-na. Èdè Hébérù ni, èdè àwọn Júù.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ mọ̀. Nítòsí Savalou, lẹ́bàá títì, ni Dankoli wà. Ènìyàn yóò gbá èèkàn sí i, yóò da epo pupa lé e, yóò fi ẹnu fọ́n sódábì sí i lára, yóò sì sọ ohun tí ń bẹ lọ́kàn rẹ̀. Bí ó bá rí i gbà, yóò padà wá san ẹ̀jẹ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Àwọn Kátólíìkì náà ń lọ sí ihò àpáta Arigbo ní Ìdáàṣà, ní oṣù kẹjọ ọdọọdún. Àwọn mùsùlùmí ń fẹ́ dé Mẹ́kà kí wọ́n tó kú. Gbogbo wọn ń wá ibi tí ènìyàn ti lè súnmọ́ ẹni tí ń gbọ́ àdúrà. Èdè wa ní orúkọ fún irú ibẹ̀: ojúbọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìyá kan nínú kíláàsì wa ní Bantè gbé gègé rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti lọ ṣiṣẹ́ oko ní Nàìjíríà, bí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń lọ. Ó ní: “Olùkọ́, níbi tí ọmọ mi wà, kò sí ojúbọ ilé wa, kò sì sí ẹni tí ó mọ oríkì rẹ̀. Ṣé Ọlọ́run tí ń gbọ́ wa níhìn-ín bá a lọ ni, àbí ó dúró tì wá?” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé n kò mọ èsì.

Nígbà tí mo wádìí, mo rí i pé àwọn Júù ti fi omijé béèrè ọ̀rọ̀ yìí láyé àtijọ́.

Inú ọ̀rọ̀ kan tí ó túmọ̀ sí “gbé”, bí a ti ń gbé inú ilé, ni Ṣekína ti wá. Inú ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn Júù ti mú orúkọ tí wọ́n ń pe aládùúgbò. Nítorí náà, Ṣekína ni gbígbé tí Ọlọ́run ń gbé láàárín ènìyàn. Èmi rò tẹ́lẹ̀ pé áńgẹ́lì kan ni, tàbí irú òrìṣà kan. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run kan ṣoṣo ni àwọn Júù ní, wọn kì í sì í gbẹ́ ère rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an kò sí nínú ìwé Mósè. Àwọn olùkọ́ òfin wọn, tí a ń pè ní rábì, ni wọ́n ń lò ó lẹ́yìn náà.

Ní aginjù, inú àgọ́ ni wọ́n ti ń wá Ọlọ́run. Nígbà tí ó yá, Sólómọ́nì kọ́ tẹ́ḿpìlì sí Jerúsálẹ́mù. Àwọn ènìyàn gbà pé ibẹ̀ ni Ṣekína wà. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún 586 ṣáájú ìbí Jésù, àwọn ará Bábílónì jó tẹ́ḿpìlì náà, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rú lọ. Wọ́n tún òmíràn kọ́. Ní ọdún 70 lẹ́yìn ìbí Jésù, àwọn ọmọ ogun Róòmù jó ìyẹn náà.

Ẹ rò ó wò. Ilé Ọlọ́run ti di eérú. Ẹrú ni yín ní ìlú àjèjì. Ta ni ẹ ó ké pè?

Èsì tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn rábì fún wọn wà nínú ìwé ńlá tí a ń pè ní Talmud. Wọ́n ní gbogbo ibi tí a kó àwọn Júù lọ ni Ṣekína bá wọn lọ: ó bá wọn dé Íjíbítì, ó bá wọn dé Bábílónì. Wọn kò sọ pé ó dúró sókè, ó ń wo ìyà wọn. Wọ́n ní òun náà wà ní ìgbèkùn. Wọ́n tún sọ pé ilé àdúrà kan wà ní Nehardea, ní ilẹ̀ Bábílónì, tí a fi òkúta àti erùpẹ̀ tí a gbé ti Jerúsálẹ́mù wá kọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣàjèjì sí ẹni tí baba rẹ̀ gbé òrìṣà ilé dání nígbà tí ó ń tẹ ìlú titun dó.

Ohùn wọn kò ṣọ̀kan o. Àwọn kan ní Ṣekína kò kúrò lára ògiri ìwọ̀-oòrùn tí ó kù ní Jerúsálẹ́mù. Títí di òní ni ènìyàn ń kọ àdúrà sórí bébà kékeré, tí wọ́n ń fi í há àárín àwọn òkúta ògiri náà. Rábì Mósè ọmọ Maimon, tí ó kú ní Íjíbítì ní ọdún 1204, ní ìmọ́lẹ̀ kan tí Ọlọ́run dá ni Ṣekína, kí a má baà rò pé Ọlọ́run ní ara. Nínú ìwé Zohar, tí ó jáde ní Sípéènì ní nǹkan bí ọdún 1280 sí 1300, a sọ̀rọ̀ Ṣekína bí ìyá àti bí ayaba.

Ohun tí ó wù mí jù ni bí wọ́n ṣe mú ọ̀rọ̀ ńlá yìí wọ inú ilé. Wọ́n ní bí ènìyàn mẹ́wàá bá péjọ láti gbàdúrà, Ṣekína wà níbẹ̀. Bí ènìyàn méjì péré bá jókòó tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ òfin Ọlọ́run, ó wà láàárín wọn. Wọ́n tún ní Ṣekína wà lókè orí aláìsàn. Nítorí náà, ẹni tí ó lọ kí aláìsàn kò gbọdọ̀ jókòó sí ìgbèrí rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gun orí bẹ́ẹ̀dì. Kí ó jókòó nílẹ̀ níwájú rẹ̀, bí ẹni tí ó wà níwájú ọba. Kò ní tẹ́ḿpìlì, kò ní àlùfáà. Ẹni tí ó sùn sórí ẹní rẹ̀ ni.

Kì í ṣe òkèèrè nìkan ni wọ́n wà. Ní Sefwi Wiawso ní ilẹ̀ Gánà, àwọn ènìyàn kan ń pa ọjọ́ ìsinmi àwọn Júù mọ́ láti nǹkan bí ọdún 1976.

Mo padà sọ gbogbo èyí fún ìyá yẹn. Ó gbọ́ ọ dópin, ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní: “Ó dára. Ṣùgbọ́n kí ọmọ náà kọ̀wé sí mi. Mo lè kà á báyìí.”